Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Lórí Ìtàgé

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán kọjá ogún ìṣẹ́jú, ni mo kọ́kọ́ rí i tí ọwọ́ Bùọ̀dá Rájí gbọ̀n. Aago ara ògiri gbọ̀ngàn tí a ti ń dánra wò ní Japara ni mo fi mọ àkókò, nítorí ebi ń pa mí, mo sì ń wò ó bóyá Ọ̀gá yóò jẹ́ ká lọ jẹun. Bùọ̀dá Rájí ti mọ́sálásí dé láìpẹ́. Ó gbé ife omi, ó fẹ́ nà án sí mi, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sílẹ̀. Ọ̀gá wa, tó ni ẹgbẹ́ eléré náà, fò dìde lórí àga, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìyẹn gan-an ni mò ń wá! Rájí, níbo lo ti rí ìyẹn? Má yọ ọ́ kúrò o."

Bùọ̀dá Rájí ní, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá." Ó rọra gbé ife náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi mí bí a ṣe ń ṣe arúgbó lórí ìtàgé nígbà tiwa. Mo rí ọ̀kan nínú yín lánàá tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì níwájú fóònù, bí ẹni tí òjò pa. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín. Èyí tí mi ò bá rí, màá sọ pé mi ò rí i.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà ni. Iṣẹ́ kò tíì sí, ni mo bá tẹ̀ lé ẹgbẹ́ eléré kan tó fi Japara ní Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe ibùdó. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì ń fi orúkọ náà yẹ̀yẹ́ mi. Bí mo bá gbàgbé ọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, wọ́n á ní, "Ọ̀mọ̀wé, ṣé kò sí nínú ìwé ni?" Ìyá mi ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé mo wà lẹ́nu ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, títí ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì Ọ̀gá kọjá níwájú ilé wa, tí ohùn mi sì ń polówó eré nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí rẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó ayé ìgbà náà, ẹ̀rọ ìlagi ló ń jí èèyàn ṣáájú àkùkọ. Ibi ìlagi la ti ń yá pákó tí a fi ń kan ìtàgé. Bí a bá ṣeré tán, a óò tú u, a óò dá a padà, ẹni tó ni ín á sì tà á fún ẹni tó ń kọ́lé. Ilé tí wọ́n fi ìtàgé wa ṣe àjà wọn ṣì ń bẹ ní ìlú yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí Ọ̀gá ń lọ ló ń yá wa ní bẹ́ǹṣì. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bùọ̀dá Rájí á bọ́ bàtà tirẹ̀, á ní ó ti mọ́ òun lára, pé ibi tí òun ti ń bọ̀ náà, bàtà kì í wọlé. Ọjọ́ kejì Iléyá àti ọjọ́ kejì Àjíǹde ni iṣẹ́ wa máa ń pọ̀ jù. Àwọn tó ti jẹ ẹran tán ló ń wá eré.

Láfún la fi ń ṣe ewú. A óò fi òróró díẹ̀ pa irun, a óò wọ́n láfún lé e. Ó dára lójú bí òjò kò bá rọ̀. Ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ kan, òjò ká wa mọ́ ojúde, ewú Bùọ̀dá Rájí yọ́, ó ń ṣàn gba imú rẹ̀ wálẹ̀. Obìnrin kan kígbe láti àárín èrò, "Ẹ gbé ọbẹ̀ wá o, orí bàbá ti jinná!" Bùọ̀dá Rájí fi ìka nù ún, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Iyọ̀ ò tó." Èrò ń ké, òjò ń rọ̀, kò sì sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin lónìí, fóònù ń sún mọ́ ojú yín. Bí omijé bá dé etí ojú, gbogbo ayé ti rí i. Bí kò bá sì dára, ẹ óò tún un ṣe. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Bùọ̀dá Rájí nígbà kan pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ta ló wá rí ojú ẹ láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn?" Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ sunkún, kì í kọjú sí èrò. Á yí ẹ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ kan á lọ sílẹ̀, á sì máa ká etí aṣọ rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó so mọ́ ọn. Mo dúró níwájú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tó bá ń ṣe é. Ojú rẹ̀ gbẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń sunkún.

Ẹgbẹ́ wa kò ní ìwé eré. Ọ̀gá á sọ ìtàn, oníkálùkù á wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bùọ̀dá Rájí kì í wá ọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹni tó ti ń rìn nínú igbó láti kékeré máa ń gbé orúnkún sókè nítorí gbòǹgbò, kódà bó bá wà lórí títì ọlọ́dà. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti wo ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn kan ń ṣe é, àwọn kan kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti gbé orúnkún náà, kò sí ẹni tó ń bi í pé níbo lo ti ń bọ̀.

Eré tí mò ń sọ yìí, bàbá kan ló ni igbó igi gẹdú. Èmi ni ọmọ rẹ̀. Ó gbéyàwó fún mi, ó dé mi ní fìlà níwájú àwọn àlejò. Nígbà tó yá, mo ta igi rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì búra pé n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, bàbá náà lé gbogbo èèyàn jáde nínú yàrá, ó ku èmi àti òun. Ó fún mi lómi mu, èyí tó fi hàn pé ó ti dárí jì mí. Ibi omi yìí ni ọwọ́ Bùọ̀dá Rájí ti gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, èmi náà rò pé ọgbọ́n eré ni. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, mo lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo bá a níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ó bu omi sí ọwọ́ ọ̀tún, omi náà ti tán kó tó dé ojú rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ náà mú gírígírí, bí èèyàn ṣe ń di ẹsẹ̀ adìẹ mú, ó tún bu òmíràn. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: bó bá jẹ́ eré ni, ta ló ń ṣe é fún lẹ́yìn gbọ̀ngàn? Ohun tó ń ṣe ọwọ́ náà gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n dòní.

A ṣe eré náà ní Japara. Nígbà tí omi ta sílẹ̀, ọkùnrin kan lẹ́bàá ìtàgé sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Wò ó, ìbínú ló ń bá jà yẹn. Ó fẹ́ da omi náà sí i lójú, ìfẹ́ ọmọ ò jẹ́." Èèyàn sunkún lọ́jọ́ yẹn. Inú Ọ̀gá dùn dé ilé.

Ní Ilaporu, ibi fìlà ni ọwọ́ náà ti gbọ̀n. Fìlà bò mí lójú, ó tún bọ́ sílẹ̀. Bùọ̀dá Rájí mú un, ó tún bọ́. Ẹnì kan ní, "Ẹmu àna ò tíì dá lójú bàbá!" Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Wọ́n ní ọwọ́ àgbà ò wọ kèrèǹgbè. Tiẹ̀ ò tún rí fìlà dé mọ́!" Ẹ̀rín náà kò tán. Títí a fi dé ibi ìdáríjì, bó bá ti na ọwọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ kan náà ni. Ní Japara wọ́n pè é ní ìbínú, ní Ilaporu wọ́n pè é ní ẹmu. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ibi tó bọ́ sí nínú ìtàn ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Inú bọ́ọ̀sì ni Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. "Rájí, ibi omi nìkan ni mo ní kó o ti gbọ̀n. Kí lo ń gbọ̀n sí níbi ìyàwó?"

"Ó wá bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Má jẹ́ kó wá bẹ́ẹ̀ mọ́. Òde-Omi ló kàn. Bí wọ́n bá fi wá rẹ́rìn-ín báyìí níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣe bàbá. Ìwọ á máa dúró lẹ́nu ọ̀nà gba tíkẹ́ẹ̀tì."

Bùọ̀dá Rájí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Eré ló ti ń ṣe láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Sáfú. Télọ̀ ni, òun ló ń rán aṣọ eré wa, òun ló sì ń ṣe ìyàwó bàbá nínú eré náà. Òun náà ti rí ọwọ́ náà, kò kàn sọ ọ́ ni.

"Bùọ̀dá, ẹ sọ fún Ọ̀gá pé ara yín ò yá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Bí mo bá sọ ọ́, á ní kí n lọ sinmi," ni Bùọ̀dá Rájí wí. "Ọwọ́ tí ò lè di ife mú, ṣé àdá ló máa lọ dì mú lóko? Sáfú, ibì kan ṣoṣo tí ọwọ́ yìí ti wúlò báyìí ni orí pákó."

Àǹtí Sáfú dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe bí a ṣe ń ṣe, nígbà náà."

Ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan, mi ò sì rí i níbòmíràn. Bí ẹnì kan bá ṣubú lórí ìtàgé, gbogbo wa la ó ṣubú. A kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá ní ìtìjú. Ṣáájú kí n tó dé, wọ́n ní àga ọba kán nínú eré kan, ọba ta gbọ̀ọ́n-gbọ̀ọ́n sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ìjòyè náà nà sílẹ̀ gbalaja, olorì nà, ìránṣẹ́ nà, ọba sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń bá ìlú sọ̀rọ̀. Àwọn èrò rò pé bí wọ́n ṣe ń kí ọba ìlú náà nìyẹn. Wọ́n sọ ìtàn yìí fún mi ni, mi ò sí níbẹ̀.

Àǹtí Sáfú ní, "Èmi ni ìyàwó ẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi ń gbọ̀n, mo sì dúró gàgàrà bí ẹni tí ò rí nǹkan kan. Ìyàwó wo nìyẹn? Ọ̀mọ̀wé, ìwọ náà ńkọ́? Ṣebí ọmọ ẹ̀ ni ẹ́? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni."

Mo na ọwọ́, mo ń gbọ̀n ọ́n. Àǹtí Sáfú wò mí títí. "Ṣé ibà ni, àbí o ń ju ọwọ́ sí ẹni tó ń lọ Ìjẹ̀bú-Òde?"

Bùọ̀dá Rájí rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti Ilaporu. Ó gbé síísọ̀ tí Àǹtí Sáfú fi ń gé aṣọ lé mi lọ́wọ́. "Má gbọ̀n. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, kì í ṣe òun ló ń gbọ̀n ọ́n. Dídá ló ń dá a dúró. Ìwọ náà, máa dá a dúró. Ká rí i pé o ò fẹ́ ká rí i."

Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo fún síísọ̀ náà mọ́ ọwọ́, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìhà, mo ń wo ibòmíràn. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ nípa eré, èyí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni, nítorí mo dán an wò lára ara mi.

A kò sọ fún Ọ̀gá.

A wa bọ́ọ̀sì dé etí ọ̀sà, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Òde-Omi. A ti fi tapólì di ẹrù eré, kí omi má baà kàn án. Ìgbì pọ̀. Ẹni tó di igi ọkọ̀ mú ń mì, ẹni tó jókòó ń mì, Ọ̀gá gan-an fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú, ó ń ka Sáàmù. Bùọ̀dá Rájí wo gbogbo wa yíká. Ó rọra sọ fún mi pé, "A ti dọ́gba lónìí."

Ọ̀sán la máa ń ṣeré létí omi, kí àwọn tó wá láti abúlé míì lè tu ọkọ̀ wọn délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọ̀n wà lórí òpó níbi tí wọ́n sá a sí, òórùn ẹja tí wọ́n ń yan sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Nígbà tó kan ibi fìlà, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Sáfú bọ́ síwájú, ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ láti abẹ́, kò wò ó, ó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn méjèèjì jọ dé mi ní fìlà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan níwájú ní, "Ìyàwó rèé o!"

Nígbà tí mo ń búra èké, mo di ọ̀pá mú, mo ń dá ọwọ́ mi dúró. Ọmọdébìnrin kan ké jáde pé, "Irọ́ ló ń pa! Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti bàbá ẹ̀!" Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Mo yíjú, mo rí Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé. Kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ọwọ́ mi, ó tún ń wo ti Bùọ̀dá Rájí.

A dé ibi omi. Ìyàwó ti jáde, kò sí ẹni tó lè gbé ọwọ́ náà láti abẹ́. Bùọ̀dá Rájí gbé ife. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ó dúró, ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. Ó wá ṣe ohun tí kò sí nínú eré: ó gbé ife náà sílẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, òun bàbá, níwájú ọmọ tó jà á lólè.

Ó ní, "Sún mọ́ mi. Ọwọ́ mi ò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́."

Mo fi eékún rìn lọ bá a. Ó di ife náà mú, mo kó ọwọ́ mi lé tirẹ̀, a jọ gbé e. Ọwọ́ mẹ́rin, gbogbo wọn ń gbìyànjú láti má gbọ̀n. Mo mu omi náà. Bàbá apẹja kan níwájú ní, "Kí rèé?" ṣùgbọ́n kò dà bí ẹni tó ń béèrè nǹkan. Bí àwọn èrò ṣe túmọ̀ rẹ̀ nínú ọkàn wọn, mi ò lè sọ. Kò sẹ́ni tó dìde.

Nígbà tí a ń di ẹrù, Ọ̀gá dé. "Ta ló ní kí ẹ yí eré mi padà?"

Àǹtí Sáfú ní, "Eré ò yí padà, sà. Àmì ìdílé wọn ni."

"Mi ò bá ìwọ wí. Rájí, na ọwọ́ ẹ."

Bùọ̀dá Rájí nà án. Gbogbo wa dúró. Ọ̀gá wò ó bí ó ti ń gbọ̀n nínú oòrùn, níbi tí kò ti sí ìtàgé, tí kò sì sí ìtàn kankan.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti wà kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún un, Ọ̀gá."

Ọ̀gá yí ojú sí ọ̀sà. Mo rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ dárúkọ. Ó kọjú sí Àǹtí Sáfú. "Ní Àgọ́-Ìwòyè, bí àwọn àlejò bá ti ń wọlé, tètè bọ́ sí ọ̀tún ẹ̀. Òsì lo wà lónìí, o pẹ́ kó o tó dé ibẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ Ọ̀mọ̀wé, o ń gbọ̀n jù." Ó wọ inú ọkọ̀ lọ, ó jókòó.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Eré náà tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀, ìdílé tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ míì yá eré náà, wọ́n sì fi ìgbọ̀n náà sí i, láìmọ ibi tó ti wá. Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ olùkọ́, ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo ń bá wọn lọ. Fídíò dé, àwọn èèyàn jókòó sí pálọ̀ wọn, a kò yá pákó mọ́. Gbọ̀ngàn tí a ti ń dánra wò ní Japara ti di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí.

Àwọn kan sọ fún mi pé kí ẹgbẹ́ náà tó tú ká, Bùọ̀dá Rájí kò lè dá gun ìtàgé mọ́, pé ẹlòmíràn ló ń ṣe bàbá láwọn ìlú kan. Ó ṣeé ṣe. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì lè jẹ́rìí sí i, mi ò sì lè takò wọ́n. Àwọn míì ní orí ìtàgé ló kú sí. Ìyẹn ni mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀, ilé rẹ̀ sì ni wọ́n ti gbé e jáde.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sí nìyí. Ọjọ́ tí a ṣe eré náà gbẹ̀yìn, Àgọ́-Ìwòyè ni, ní ojúde, lójú ọ̀sán. Ẹni tó ṣe bàbá lọ́jọ́ náà ni Bùọ̀dá Rájí. Èmi ni mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.